Alága Kan Ṣoṣo ní Gáréèjì Ṣàngó

Àwọn kan ń sọ pé èébú ni Ọláṣùpọ̀ ọlọ́kadà bú tí wọ́n fi lù ú ní gáréèjì Ṣàngó-Ọ̀tà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ́ ènìyàn sí ni.

Ní Ìkirè tó ti wá, kò sí ọkùnrin tí wọn kì í pè ní ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n tàbí alága láti fi dùn ún nínú. Ní Ṣàngó, ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ọ̀gá tàbí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni alága, wọ́n sì ti pa ènìyàn nítorí ìjókòó náà. Ọláṣùpọ̀ kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta rẹ̀ níbẹ̀, ó fi ẹ̀rín kí Bọ̀wálé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn awakọ̀: "Alága mi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Alága gáréèjì fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́yìn wọn.

"Bọ̀wálé, o ti di alága? Ìgbà wo ni ẹ sin mí?"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn alága ya bo Ọláṣùpọ̀. Wọ́n fi bẹ́líìtì ya á lójú, wọ́n gbá a nípàá níhà títí egungun fi dá. Bọ̀wálé náà dara pọ̀ mọ́ wọn, nítorí bí kò bá lù ú, òun ni wọn yóò lù. Ó kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín méjì bọ́, ó sì sọ sí i létí pé: "Ṣubú, má dìde mọ́. Bí o bá dìde, wọ́n á pa ọ́."

Ọláṣùpọ̀ ṣubú, ó ń rọra mí sínú iyanrìn.

Alága tutọ́ sí i lára. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti gbọ́."