"Ó Dára" ni Wọ́n Ń Sọ fún Àbúrò Mi

Pósí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún náírà. Ilẹ̀ tí a sin ín sí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ọkọ̀ tó gbé òkú, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó gbẹ́ sàréè, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Ohun tó ṣẹ́ kù: bàtà rọ́bà kan, ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí èéfín kọ̀ láti kúrò lára wọn, opó kan, àti èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ òun ló máa sin mí.

Ẹ̀dọ̀fóró ló pa àbúrò mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sì pa ẹ̀dọ̀fóró náà. Ilé ìwádìí kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ọ̀nà láti sọ láílọ́ọ̀nù inú gọ́tà di táìlì. Àwọn ló ń ronú, òun ló ń sè é. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù, á yọ́ láílọ́ọ̀nù nínú àgbá, á da yanrìn sí i, á máa fi irin rò ó títí á fi ki. Kúùkù ni gbogbo wọn ń pè é.

"Kúùkù, kí lo sè fún wa lónìí?"

"Láílọ́ọ̀nù oníyanrìn ni. Ẹ gbé abọ́ yín wá, àmọ́ ẹran ò sí níbẹ̀ o."

Ó mọ̀ ọ́n sè. Táìlì rẹ̀ kì í sán. Wọ́n gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀, wọ́n tò ó sí iwájú ilé, àwọn èèyàn pàtàkì rìn lórí rẹ̀, wọ́n ní pàǹtírí ti di ọrọ̀. Ta ló béèrè ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà lọ?

Ẹ má rò pé wọn ò béèrè o. Wọ́n béèrè. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn nìyẹn. Nínú ilé kan náà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn onímọ̀ mìíràn ń ṣèwádìí ohun tí èéfín láílọ́ọ̀nù ń ṣe fún èèyàn. Ẹ̀ka kan ní kó máa sè é, ẹ̀ka kejì ń wo bó ṣe ń kú. Ní ìparí oṣù, ọ̀dọ́bìnrin kan á gbé ẹ̀rọ kékeré sọ̀kalẹ̀. Àbúrò mi á fi ẹnu sí ọ̀pá rẹ̀, á fẹ́ ẹ tagbára-tagbára. Ọmọbìnrin náà á wo ojú ẹ̀rọ, á ní, "Ó dára."

Àbúrò mi gbà pé ìtọ́jú ni. Ó rò pé bí òun ṣe ń fẹ́ ẹ ni ìdọ̀tí inú àyà òun ń jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ń bọ̀, kì í gbé nǹkan tó wúwo láàárọ̀, kó lè ní èémí tí yóò fún wọn. Nígbà tí ikọ́ wọlé dé, tí ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sí ilé ìwòsàn, ṣe ló rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ yìí náà! Mo ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, o ní kí n lọ sanwó. Àná yìí náà ni wọ́n ní ó dára."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin náà wá kí wa. Ìyàwó àbúrò mi wò ó títí.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún ọkọ mi pé ó dára?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dára?"

Ó bú sẹ́kún. "Fífẹ́ yẹn ni, mà. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ tí ẹ̀rọ gbà á, a máa ń ní ó dára. Mi ò sọ pé àyà wọn ló dára."

"Àyà rẹ̀ ńkọ́?"

"Agbára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ láti ọdún kejì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ sì mọ̀?"

"A mọ̀, mà. Wọ́n ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni títí ìwádìí á fi parí."

Opó dìde, ó lọ bu omi wá fún àlejò. Ìdajì omi náà dà sílẹ̀ kó tó dé.

Mo lọ bá ọ̀gá wọn. Ó fi àga lọ̀ mí, ó bá mi kẹ́dùn bí ọmọlúàbí.

"Bàbá, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí náà ni. Tí a bá sọ fún ẹnì kan kó tó parí, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwádìí á sì bàjẹ́."

"Ọ̀gá, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì yè, ṣé ìyẹn lẹ̀ ń pè ní bàjẹ́?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Mi ò bá sáyẹ́ǹsì jà, ẹ̀yin onímọ̀. Mi ò kàwé jìnnà, àmọ́ mo mọ ìṣirò. Ìbòmú tó ń dá èéfín dúró wà nílé ìwádìí yín; àwọn àlejò ń lò ó tí wọ́n bá wá ya fọ́tò. Mo béèrè iye rẹ̀ lọ́jà: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Odindi èèyàn ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lójú yín? Ta ló ń rí afọ́jú tó ń lọ sínú kànga, tí yóò jókòó máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀? Ẹ ní ìwádìí yìí yóò gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ iwájú. Àmín o. Èyí tó wà níwájú yín ńkọ́?

Àgbá náà ṣì wà lórí iná. Ẹlòmíràn ló ń rò ó báyìí. Wọ́n ti ń pe òun náà ní Kúùkù.

Nítorí náà, kí wọ́n pa iná yẹn. Kí wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó ti fẹnu kan ẹ̀rọ náà ohun tí ẹ̀rọ rí, ní èdè tó yé wọn, lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n dákẹ́ jáde síta, kó wá sọ ọ́ lójú opó. Lẹ́yìn náà ni ká wá sọ ti owó. Ilé ìwòsàn gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án, a yá a ni. Owó oṣù méjì tí wọ́n gé nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Mi ò tíì ka ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ọn, torí mi ò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlélúgba, yàtọ̀ sí owó ìsìnkú. Wọn ò tíì san nǹkan kan.