Fèrè Tó Ń Mí Nínú Dùùrù

Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ ń làágùn níwájú, ni dùùrù bá dákẹ́ lójijì. Ó kọ ọ́ sójú gíláàsì rẹ̀ pé, "Àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe pa iná." Ṣé dùùrù ayé òde òní ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń gba ètò tuntun sára. Ó ti béèrè bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀, olóògbé Bàbá Dùùrù, tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ, sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", torí kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn. Bàbá kò dìde. Ó tẹ́ ọwọ́ lé dùùrù bíi pé ó ń dún, ó sì fi ẹnu kọ orin náà, "Pám, pam-pa-pám," títí ìyàwó fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni àyà bàbá ti ń já sí àtúnṣe. Ohùn fèrè kan wà nínú dùùrù náà tó máa ń kọ́kọ́ mí, hìì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó tó dún. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohùn tó kù lọ. Ọmọbìnrin tó ń tún dùùrù ṣe ní àṣìṣe ni mímí yẹn, ètò tuntun á mú un kúrò.

"Ọmọ mi, ohùn tuntun mélòó ni wọ́n fi kún un?"

"Ogójì, Bàbá."

"Ẹ kó ọgbọ̀n padà, kẹ́ ẹ fi fèrè mi sílẹ̀."

"Wọn kì í ná an, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ padà."

Bàbá bá ń yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá okùn náà lórí tábìlì oúnjẹ.

"Bàbá, ṣé okùn yìí náà fẹ́ jẹun ni?"

"Ó ti jẹun."

Ṣùgbọ́n dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kan, ohùn kan há, ó sì ń dún títí àlùfáà fi ṣe àmín. Ọmọbìnrin tó ń tún un ṣe ní bí wọn ò bá ṣe àtúnṣe, dùùrù á yadi pátápátá. Níkẹyìn, ó gbé okùn náà wá.

"Ṣé kò ní dùn ún?"

"Kò ní dùn ún, Bàbá."

Lẹ́yìn àtúnṣe, fèrè jáde ní mímọ́ gaara, kò mí rárá. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, kó tó tẹ fèrè, òun fúnra rẹ̀ ló mí sínú makirofóònù: hìì. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi kú, ẹ̀rín náà kò sì tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sídìí dùùrù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé òun kò ní lè mí bíi bàbá òun. Bó ṣe na ìka sí fèrè, gbogbo ìjọ ló bá a mí lẹ́ẹ̀kan náà: hìì. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.