Aṣọ Òfì Ìsẹ́yìn Láàárín Tábìlì Méjì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ni Baba Sìkírátù, awakọ̀ wa, tẹ fèrè níwájú ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi bá mi gbé ẹrù sínú ọkọ̀: etù àti sányán tí òun àti àwọn ahunṣọ àdúgbò wa hun fún Ìyá Ràmátù, oníbàárà tuntun kan ní Ṣábẹ, lórílẹ̀-èdè Benin. Ìyá yìí ti sọ lórí fóònù pé bí ẹrù kò bá dé kí ọjà ọ̀la tó tú, òun yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó aṣọ ẹ̀rọ wá láti Kútọnù. Àwọn ahunṣọ wa kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Mo pinnu pé ẹrù náà á dé, bí mo tilẹ̀ máa fi orí rù ú.

Ọ̀nà Ọ̀tù dára díẹ̀. Láti Tede dé Ṣakí, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ, erùpẹ̀ pupa sì kùn wá lójú. Ní Ṣakí mo ra iṣu sísun ẹgbẹ̀rún náírà, ó sì tóbi ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa nílé lọ.

Ní bọ́dà, iléeṣẹ́ ìjọba méjì gbé tábìlì sábẹ́ páànù kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń rí sí ìṣòwò, èkejì ń rí sí owó ìlú, kálukú ló sì ń sọ pé òun ni Àbújá fún láṣẹ lórí ọjà tó ń jáde. Ní Ìsẹ́yìn, a kì í rán aṣọ òfì pọ̀ kí a tó tà á. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la ń ká a, ẹni tó rà á ló máa rán an bí ara rẹ̀ ṣe tó. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì ìṣòwò tú ọ̀kan wò.

"Ìyá, èyí kì í ṣe aṣọ. Ohun èlò ni. Ohun tí wọn ò tíì ṣe parí, àwa là ń fòǹtẹ̀ lù ú."

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì kejì dìde. "Aṣọ ni. Tiwa ni. Bí ẹ bá fòǹtẹ̀ lù ú, kò ní kọjá."

"Ẹ̀yin náà ẹ lù ú, ká wò ó."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì jọ fòǹtẹ̀ lù ú. Àfi bí ẹni pé mo bú wọn.

Oòrùn mú. Baba Sìkírátù ní, "Ìyá Àfúsá, ẹ jẹ́ ká yí padà. Ìjà àwọn ará Àbújá nìyí."

Inú bí mi gidigidi. "Mi ò yí padà. Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ àti òwú."

Mo sọ fún àwọn ọ̀gá méjèèjì pé mo máa rán ìdajì ẹrù náà pọ̀. Èyí tí mo bá rán ti di aṣọ, èyí tí mi ò rán ṣì jẹ́ ohun èlò, kí kálukú wọn fòǹtẹ̀ lu tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó máa pàdánù nínú wọn, nítorí náà wọ́n gbà. Èmi àti Baba Sìkírátù jókòó sórí ẹní, a ń rán. Rírán tirẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà Tede. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fòǹtẹ̀ lu gbogbo rẹ̀.

A sùn ní abúlé kan, a wọ Ṣábẹ láàárọ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n sémíjàn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ìyá Ràmátù yọ̀ mọ́ wa, títí ó fi rí èyí tí a rán.

"Ta ló ṣe èyí? Àwọn oníbàárà mi kì í ra èyí tí wọ́n ti rán. Ara kálukú yàtọ̀."

Mo jókòó sínú ìsọ̀ rẹ̀, mo ń tú òwú tí a fi rán an, ó ń tà á bí mo ṣe ń tú u. Kí ọjà tó tú, ó ní kí n tún kó etù wá.

Nígbà tí mo délé, àwọn ahunṣọ yí mi ká. Mo sọ ohun tí ojú mi rí, àti pé ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé oníbàárà kì í dúró de ìjọba tó ń jà.

Ọkọ mi béèrè pé, "Kí ni wọ́n wá fẹnu kò sí, aṣọ ni àbí ohun èlò?"

"Wọn ò tíì parí ìjà," mo dá a lóhùn. "Baba Àfúsá, ẹ máa hun ún."