Símẹ́ńtì Kò Ṣeé Hú

Bí ẹ bá béèrè irú èèyàn tí Mojírádé jẹ́, ìyẹn ìyá tó ni ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́, gbogbo ẹnu ló máa sọ fún yín pé obìnrin tó gbọ́n ni. Èmi Bánjọ náà á sọ bẹ́ẹ̀. Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà létí ẹ̀rọ yẹn, tí ariwo rẹ̀ ń pa ìṣirò mọ́ mi lẹ́nu níwájú àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ Mojírádé tí kò ka ìwé púpọ̀ ló mọ ìṣirò jù mí lọ.

Ọgbọ́n tirẹ̀ kò ju kó dúró lọ. "Ẹ jẹ́ á wò ó ná" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan dé, tí wọ́n ní ká kó owó wá kí àwọn sọ ọ́ di ìlọ́po, gbogbo wa sáré. Èmi tíṣà ni mo tò síwájú. Mojírádé ní kí a wò ó ná. Nígbà tó yá, àwọn olówó ìlọ́po náà kógbá wọlé, owó mi sì bá wọn lọ. Ó gbé gàrí wá kí mi nílé, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé òun ti kìlọ̀. Bí kò ṣe sọ ọ́ yẹn ló bí mi nínú jù.

Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, wọn á dì í sínú àpò, wọn á gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ á sì máa ro jáde. Omi kíkan ni, ó ń rùn, ewúrẹ́ tó bá mu ún kì í délé. Láti ọjọ́ tó ti wà, gọ́tà ló ń gbà lọ sínú Àmùyà, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, odò sì ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò bìkítà.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni Gabriel, àbúrò Mojírádé ọmọ ìyá rẹ̀, dé láti Èkó. Ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kú. Gbogbo ohun tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ ló fi gbẹ́ adágún sétí Àmùyà, nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí omi odò lè máa wọ inú rẹ̀, ó sì da ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá kan l'Ékòó. Tí ẹja bá ti tà nígbà ọdún Àjíǹde, wọn á kó wálé. Bí kò bá tà, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ kan ó mú Múyìwá bíríkìlà dání wá síbi ẹ̀rọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, omi yín yìí á pa ẹja mi."

Múyìwá ṣàlàyé. Kòtò mẹ́ta ni òun á fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì mọ, kí ìdọ̀tí sùn sínú èkíní, kí omi lọ sínú èkejì, kí òun kó yanrìn àti èédú sínú ẹ̀kẹta. Ó ní òun rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Mojírádé bi í.

"Ó yẹ kó ṣiṣẹ́, mà. Mi ò dúró wo ìgbẹ̀yìn rẹ̀."

Àfi kí Mojírádé ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tó ní kó tó lè rí owó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kúrò láàárín ìlú, lọ sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Wọn kò sọ ìgbà tí wọ́n máa ṣe é.

"Gabriel, ẹ̀rọ ṣeé rù. Bí ùjọba bá ní kí mi kó uṣẹ́ mi lọ, mo á rù ú. Símẹ́ńtì tí a bá rì mọ́ ulẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé hú?"

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ á wò ó ná."

Kì í ṣe pé kò ní àánú. Ó ní òun á ṣe bí ìyá àwọn ti ń ṣe nílé oko: kí wọ́n gbẹ́ kòtò lásán, kí ilẹ̀ máa fa omi náà mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tó jìn ló wà lóko ìyá wọn. Ìkẹ́rẹ́ rèé, Olósùnta nìkan kọ́ ni òkè àpáta tí a ní, àwọn yòókù ló sùn sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò kò tíì dé ìbàdí tí ọkọ́ fi kan àpáta. Omi ẹ̀gẹ́ dúró síbẹ̀ bí ọbẹ̀ nínú abọ́.

"Oòrùn á fà á mu," Mojírádé wí.

Oòrùn fa díẹ̀, ìyókù sì ki. Àmùyà wá mọ́ ju bí a ti mọ̀ ọ́n rí lọ. Gabriel yọ̀, ó ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ kó máa di ẹrù sílẹ̀. Èmi náà lọ wo ẹja yẹn, wọ́n ti tóbi, inú mi dùn bí ẹni pé tèmi ni.

Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Ó rọ̀ débi pé a tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Kòtò kún, etí rẹ̀ ya, gbogbo omi tó ti ń kan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ya wọ Àmùyà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹja náà ló ti yí ikùn sókè. Bóyá tó bá ń ro díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, wọn ì bá má kú. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Gabriel ń fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn lọ sin. Mojírádé mú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ń kó o pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó sunkún nínú wọn. Mo fẹ́ bínú, mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

"Ara mi kú, Tíṣà," ni ohun tí Mojírádé sọ fún mi nígbà tí a ń gòkè bọ̀. Ara tèmi náà kú.

Gabriel padà sí Èkó lọ máa wá iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní gàrí, ó gbà á, ó dúpẹ́.

Kí iṣu tuntun tó jáde, ìjọba dé lóòótọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo ibi ìlọ̀gẹ́, wọ́n wó wọn, wọ́n sì kó àwọn ẹlẹ́rọ lọ sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́, tó ní ẹ̀rọ ládùúgbò kejì, ti da símẹ́ńtì sí gbogbo ilẹ̀ tirẹ̀. Ó jókòó sórí àfọ́kù rẹ̀, ó ń mi orí.

"Mojírádé, ùwọ lo gbọ́n ní dede ìlú yìí."

Gbogbo èèyàn ló ń kí Mojírádé. Ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń kí kú ọjà.

Ní Kérésì, Gabriel wálé wá kí wa, òun nìkan. Ó ní kí Mojírádé mú òun lọ wo ibi tuntun náà, mo sì tẹ̀lé wọn. Ìjọba ti mọ kòtò síbẹ̀, mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí Múyìwá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́lẹ́. Gabriel bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo omi tó ń jáde nínú ẹ̀kẹta. Ó mọ́.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ó wí.

"Ó ń ṣiṣẹ́," Mojírádé dáhùn.

"Bí ẹ bá ti ṣe é lọ́jọ́sí, ẹ̀gbọ́n, wọn ì bá ti wó o."

"Wọn ì bá ti wó o." Ó yá a lẹ́nu láti dáhùn, nítorí ìṣirò tirẹ̀ nìyẹn.

Gabriel dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹja mi ì bá ti tà kí wọ́n tó dé."

Ẹnìkan ń pe Mojírádé láti ìdí ẹ̀rọ pé ẹ̀gẹ́ ti dé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo omi, wọ́n sì pè é títí ó fi sú wọn.