Ẹyin Àlejò

Mo rántí òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún náà sí ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé ní Agége nígbà náà, kò jìnnà sí ojú irin, bí èèyàn bá sì gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, á bọ́ síbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tò sí lọ dé Ìkẹjà. Ní gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, eruku, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti òórùn búrẹ́dì gbígbóná ni imú wa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, ṣọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ògiri náà, nítorí pé àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ kì í já gbogbo rẹ̀ tán kó tó so. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ ìyókù orúkọ ẹ̀fọ́ náà: ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, ẹ̀fọ́ tó ń mú ọkọ sanra. Mo gba orúkọ yìí gbọ́ bí mo ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Ìyá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń sè é, nílé wa ní Èkìtì. A ó já ewé rẹ̀, a ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó rẹ́ ẹ. A ó gbé epo pupa díẹ̀ kaná, a ó da àlùbọ́sà, ata rodo àti tòmátì tí a kò lọ̀ kúnná sí i, pẹ̀lú irú. Bí omi ata bá ti gbẹ, ẹ̀fọ́ á wọlé, a kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ lórí iná kó má baà dúdú. Lẹ́yìn náà la ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ṣe kòtò kéékèèké sójú ẹ̀fọ́ náà, a ó fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, a ó dé e, a ó dín iná kù. A kì í rò ó pọ̀. Bí a bá ṣí ìdérí, ẹyin á máa wò wá bí ojú láti àárín ewé. Iṣu sísè la fi ń jẹ ẹ́. Ẹnì kan, ẹyin kan, bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá yọjú sínú ìkòkò á mọ iye èèyàn tó wà nílé.

Mẹ́ta ni mo máa ń fọ́ lọ́dún náà: ti ọkọ mi, ti ìyá rẹ̀ tó wá láti ìlú wá gbé pẹ̀lú wa, àti tèmi. Ìgbéyàwó wa ti pẹ́ tó kí ẹyin kẹrin ti wà níbẹ̀. Mo ń gbààwẹ̀, mo sì ń bá àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ gbàdúrà. Nínú ìjọ wa, a kì í là á mọ́lẹ̀ pé obìnrin kan máa lóyún. A máa ń sọ pé àlejò ń bọ̀ nílé rẹ̀. Bí wòlíì bá nàka sí ẹnì kan tó ní, “Mo rí àlejò,” olúwa rẹ̀ á wólẹ̀, ìjọ á sì dáhùn Àmín. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ títí tí n kò fi rántí pé ó ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ìyá ọkọ mi kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ wa.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ti ṣe kòtò mẹ́ta tán nígbà tí ìyá ọkọ mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ìyàwó mi, ṣe ẹ̀kẹrin.”

“Ti ta ni, Mà?”

“Àlejò ń bọ̀ nínú ilé yìí. Láti òní lọ, máa fọ́ tirẹ̀ mọ́ tiwa.”

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. “Àmín, Màmá. Àmín ní orúkọ Jésù.”

Wọ́n wò mí díẹ̀. “O gbà á?”

“Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, Mà.”

“Wàá sì tọ́jú rẹ̀?”

“Bí ẹni gbé ẹyin dání, Mà.”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àyà mi ti ń já láti ìjẹta.” Omi bọ́ lójú wọn, ó bọ́ lójú èmi náà.

Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé iwájú rẹ̀, kò lè wo ojú mi. Mo rò pé ayọ̀ ló ń dà á láàmú. Aládùúgbò wa, ìyá aránṣọ kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé ẹ̀rọ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti yọjú sínú ìkòkò mi kí n tó bù ú.

“Mẹ́rin? Ìyàwó, ta lo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?”

“Ẹ máa wò ó, Alhaja. Ọlọ́run á fi hàn yín.”

“Bó bá jẹ́ pé ẹyin lo fi ń pè é, kúkú fọ́ márùn-ún, kó dé ní ìbejì.”

Àlejò kò dé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo jẹ ẹyin rẹ̀, torí mo gbà pé inú mi ló ti fẹ́ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú mo jáde lọ jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo ní Olúwa ti gba ẹnu ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀, àlejò mi ti wà lọ́nà. Ìjọ hó. Ìyá ìjọ bọ́ ìborùn wọn, wọ́n so ó mọ́ mi níkùn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tú u títí èsì á fi dé. Mo fi ìborùn náà gbálẹ̀, mo fi sùn, mo fi lọ já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ògiri, mo sì ń rìn bí ẹni tí oṣù rẹ̀ ti pé.

Ó wà lára mi ní Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé báàgì pupa. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní ìyálé rẹ̀. Ìyá ọkọ mi jáde láti yàrá, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi.

“Ìyàwó mi, ẹyin àlejò dà?”

“Àlejò wo, Mà?”

Ẹnu yà wọ́n. “Àlejò tí mo sọ fún ọ. Ṣebí o ṣe Àmín.”

Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. “O ní o gbà á tọwọ́tẹsẹ̀,” ó ní. “Mo gbọ́ ọ.”

Mo ti ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti kúnlẹ̀ ṣe é. Mo padà sídìí ìkòkò ẹ̀fọ́ tí mo fi sílẹ̀ lórí iná, tí mo ti fọ́ ẹyin mẹ́ta sí, mo ṣe kòtò kẹrin tó kù. Ẹyin tí mo fọ́ sínú rẹ̀ tú, ó ṣàn wọ inú ewé. Mo bu odindi fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo bu èyí tó tú fún ara mi.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ìjọ fún ìdúpẹ́, mo ti fọ ìborùn náà, mo ti ká a, mo fẹ́ dá a padà fún ìyá ìjọ ní kọ̀rọ̀. Wọn kò gbà á ní kọ̀rọ̀. Wọ́n fà mí jáde síwájú pẹpẹ. “Ẹ wò ó,” wọ́n wí fún ìjọ, “ẹni tó jẹ́rìí pé àlejò ń bọ̀ nìyí. Ṣé àlejò dé àbí kò dé?” Ìjọ ní ó dé. Wọ́n fi ìborùn náà bo ọmọ, wọ́n dá orin, wọ́n sì ní kí n jó. Mo jó.

Mo kúrò nílé náà kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ìyá ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa báyìí, n kò sì bi wọ́n rí bóyá wọ́n mọ ohun tí mo rò lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ yẹn. Nígbà mìíràn mo gbà pé wọn kò mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí bí wọ́n ṣe bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Àdúgbò Ọ̀gbà ni mo ń gbé nísinsìnyí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. N kò bí. Mo ní ìlera, mo ní iṣẹ́, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láràárọ̀, ó sì ń ti inú mi wá. Orin tí wọ́n fi mú mi jó lọ́jọ́ yẹn nìkan ni n kò tíì lè kọ dé òpin. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, mo máa ń se ṣọkọ, mo máa ń ṣe kòtò kan sáàárín rẹ̀.

Àwọn ìyàwó kéékèèké ìjọ a máa sáré wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. “Màmá, wòlíì ní àlejò ń bọ̀ nílé wa.” Mo máa ń bi wọ́n pé, “Ọ̀nà wo ló máa gbà wọlé?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà wọn. N kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn kí n tó ṣe Àmín.