Efinrin Inú Omi

Ẹ̀ka efinrin mẹ́ta péré ni mo rí gé lẹ́yìn ilé tí a ń gbé ní Jakande, kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń ta efinrin lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin èyí, ó sì ti kú.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo kó lọ ní Ṣàngótẹ̀dó. Onílé kò fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ó ń dí ihò tí omi ń gbà jáde. Mo wá gbọ́ pé àwọn kan ń gbin ẹ̀fọ́ sínú omi tí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́, láìlo iyẹ̀pẹ̀. Mo dán ọ̀nà mẹ́ta wò, ẹ̀ka kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Páìpù ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ti omi gba abẹ́ gbòǹgbò kọjá. Ó dùn ún wò. Lọ́jọ́ tí iná lọ láti àárọ̀, omi dúró, ooru sì mú gbòǹgbò náà gbẹ bí okùn. Mo dà á nù.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Gbòǹgbò wà nínú omi, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òun náà, iná ló gbójú lé. Omi àdúgbò wa pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gbá mi nímú. Gbòǹgbò ń yọ̀ bí ikun imú, tanwíjí ń jó láàárín rẹ̀. Mo tutọ́. Síbẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù, mo bá pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tanwíjí tún dé.

Ike omi tí mo gé sí méjì ni ẹ̀kẹta. Òwú ló ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá bá gbòǹgbò. Kò nílò iná. Mo fi ọ̀rá dúdú wé e, kí ìmọ́lẹ̀ má baà sọ omi inú rẹ̀ di aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Addo. Wọ́n ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀fọ́ wo ló ń gbé inú omi bí ọ̀pọ̀lọ́?”

“Efinrin ìyàwó mi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìyàwó rẹ tó mọ́ tónítóní yẹn? Ìdọ̀tí yìí ni o fi ń rántí ẹ̀?”

Mo lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo dé, ilé ti ń run kẹrosíìnì. Bí a ti máa ń ṣe sí àgbá omi òjò nílé wa kí tanwíjí lè kú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi da kẹrosíìnì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Ó ń dán lójú omi.

“Gbogbo wọn ti kú,” ni wọ́n wí. “O ò tiẹ̀ dúpẹ́.”

“Ike tó wà nínú ọ̀rá dúdú ńkọ́?”

“Pàǹtí yẹn? Mo ti kó o lọ síbi ìdalẹ̀nù nísàlẹ̀.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú àgbá pàǹtí: eegun ẹja, ìrẹsì kíkan, ìlédìí ọmọ ẹlòmíràn. Níkẹyìn, ọwọ́ mi ba òwú. Ẹ̀ka náà ti tẹ̀, kò tíì ṣẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun. Kò rí mi lára bíi ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ dí imú nígbà tí mo wọlé.

“Fọwọ́ rẹ kí o tó fi kan búrẹ́dì o.”

Mo kọ́kọ́ bu omi sínú ike náà.