Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Ọkọ Ameenah

Bí ẹ bá dé Ìlódè tí ẹ béèrè Alhaja Ràbíátù oníbọ́tìnì, ọmọdé á mú yín délé. Bọ́tìnì, òwú àti síìpù ló ń tà fáwọn télọ̀, àmọ́ bọ́tìnì kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ìwádìí ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣègbéyàwó, orúkọ ẹni tí ọmọ náà fẹ́ fẹ́ ni yóò mú tọ̀ ọ́ wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ni Alhaja ń bá wọn wò kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ.

Ẹ má rò pé ó ń ṣe bí ọlọ́pàá o. Kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bó bá ti mọ agboolé tí ọmọkùnrin náà ti wá, yóò lọ sí àdúgbò ibẹ̀, yóò wá obìnrin tó ń bó ẹ̀gúsí, yóò kí i, yóò fìdí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì máa bá a bó o. Ta ló máa lé ẹni tó ń báni bó ẹ̀gúsí? Ọwọ́ ló dí, ẹnu ò dí. Kí ẹ̀gúsí ọjọ́ náà tó tán, Alhaja á ti mọ ẹni tó ń na ìyàwó nínú ilé yẹn, ẹni tí orí rẹ̀ máa ń dàrú, ọmọ tó jẹ́ ti bàbá mìíràn, títí kan ọmú ẹni tí ọkọ ìyàwó mu nígbà tó wà ní ìkókó. Ọ̀rọ̀ ọmú yìí ló máa ń pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn Alhaja, àwọn tó bá mu ọmú obìnrin kan náà ti di ọmọ ìyá, wọn ò gbọ́dọ̀ fẹ́ra. Ó ti tú ìgbéyàwó kan ká lórí rẹ̀ rí. Ìyá ọkọ bú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iṣẹ́ yìí dára fún ọmọ olọ́mọ. Ameenah, àbígbẹ̀yìn Alhaja, ló rí i he. Olùkọ́ ni, ó rẹwà, ó sì gbọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ àfẹ́sọ́nà méjì ni ìyá rẹ̀ ti fi ẹ̀gúsí lé lọ. Ti àkọ́kọ́, Ameenah dúpẹ́, torí ẹ̀gúsí fi hàn pé ọ̀gbẹ́ni náà ní ìyàwó àti ọmọ sí Oǹdó. Ti ìkejì ló dùn ún. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ò ju pé wọn kì í tètè dárí jini nílé wọn. Ọmọ náà sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá yọjú, kí ni Ameenah ṣe? Ó ra fóònù ńlá fún ìyá rẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fẹnu bi í ní ìbéèrè. Ọgbọ́n ni.

Alhaja kọ́kọ́ ń fojú burúkú wo fóònù náà. Nígbà tó máa fi tó oṣù mélòó kan, tirẹ̀ ti di àrà. Ó bi í bóyá òjò máa rọ̀, fóònù ní rárá, Alhaja bá jókòó sí fèrèsé ó ń wo aṣọ rẹ̀ tí òjò ń pa lórí okùn. Ó ní òjò yìí ò ní pẹ́ dá, wọn ò kọ ọ́ síbí. Ó bi í ní bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, òun tó ti ń se é láti ìgbà tí kò tíì ní ọmú láyà. Bí ẹnikẹ́ni bá mú orúkọ wá, á ní kó jókòó. Kí omi tíì tó hó, ìwádìí ti parí. Orúnkún rẹ̀ sinmi, ó sanra díẹ̀. Ohun kan ló ń kọ àwọn ará ilé lóminú. Ẹni tó máa ń ka ìdílé onílé láti orí ìyá àgbà láìmí, bí ẹ bá bi í pé ta ni ìyá lágbájá báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí àpò. Bí kò bá sí nínú fóònù, á ní kò sí.

Abdulmajeed Babalọlá ni orúkọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Iná sólà ló ń tà ní Mayfair. Ameenah fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Ó ní ọmọkùnrin yìí nìkan ni òun lè jókòó tì tí kò ní rẹ òun, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé àwọn ti mọra láti kékeré. Alhaja ò dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti gbé fóònù sẹ́nu, ó ń pe orúkọ ọmọ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Nǹkan tó jáde dára. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀ tòun ti fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé olóòótọ́ ni, wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún.

"Ìràwọ̀ márùn-ún!" Alhaja pariwo. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wádìí ọkọ, n ò rí èyí tó ní ẹyọ kan rí."

"Ṣé ó ti tán nìyẹn, Màámi?"

"Kí ló tún kù?"

Ameenah fò mọ́ ọn, ó fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ló bi í léèrè. Bàbá Lágúnjú ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó jẹ́ olórí ẹbí. "Ìyàwó, ṣé o ti débẹ̀?" Ohun tí wọ́n máa ń bi í nìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́.

"Mo ti débẹ̀, Bàbá," ó ní, ó sì na fóònù sí wọn. Bàbá wo ìràwọ̀ náà, wọ́n ní ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n sì padà sídìí rédíò wọn.

Bàbá ọmọ náà ti di olóògbé, Ìwó ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Alhaja gba nọ́ńbà obìnrin náà. Ẹ óò rò pé ó pè é. Kò pè é o! Wàsáàpù ni wọ́n fi ń kíra. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, obìnrin Ìwó á fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ pẹ̀lú àdúrà, Alhaja náà á fi òdòdó tó tóbi jù ú lọ dá a lóhùn. Àwòrán Káábà ti Mẹ́kà ló wà lójú nọ́ńbà ti èkíní, òdòdó ló wà lójú ti èkejì. Báyìí ni wọ́n ṣe di àna, tí wọn ò gbóhùn ara wọn rí. Alhaja máa ń sọ fún àwọn télọ̀ pé àna òun mọ̀wàá hù.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Wọ́n gúnyán, wọ́n tẹ́ ẹní, Bàbá Lágúnjú wọ agbádá. Ọkọ̀ àwọn ará Ìwó dé, Alfa wọn ló ṣíwájú, Abdulmajeed dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó gbójú sókè, ó rí Alhaja.

"Ìyá Hakeem!"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Alhaja bẹ́ẹ̀. Kó tó lọ Mẹ́kà ni. Ó wo obìnrin náà lójú, ó wò ó lẹ́nu, ó lọgun: "Ìyá Ayọ̀ọlá! Ìwọ rèé?" Wọ́n dì mọ́ra, omi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ilé kan náà ni wọ́n jọ gbé ní Ìrémọ, yàrá kọjú síra, kó tó di ọdún tí ìlú dàrú tí oníkálukú sá gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ayé kéré. Bàbá Lágúnjú ní Ọlọ́run ló mọ ọ̀nà tó fi ń padà kóni jọ.

Ẹ̀rín Alhaja ló kọ́kọ́ dá. Nǹkan tí kò rántí láti ọjọ́ yìí wá, ó rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná," ó ní. "Iyán ti ń tutù."

"Ta ń sọ ti iyán? Ameenah mi dà?" Obìnrin náà ti di ọmọ náà mú lágbọ̀n. "Wò ó, o ti dàgbà tó báyìí! Ṣé ìyá rẹ sọ fún ọ? Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ọsibítù ni wọ́n dá ìyá rẹ dúró sí, a ò mọ̀ bóyá yóò dìde. Èmi ni mo fún ọ lọ́mú. Títí ó fi padà délé, ọmú mi lo mu. Ìwọ ní ọ̀tún, Àkànní ní òsì, ẹ̀yin méjèèjì ò sì jẹ́ kí n sùn!"

"Ta ni Àkànní, Mà?" Ameenah ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Àkànní kẹ̀?" Obìnrin náà na ìka sí Abdulmajeed.

Ìka náà ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbẹ lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀.

Alfa ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Inná lílláhi. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín. Kò sí yìgì láàrin yín." Abdulmajeed ti fọwọ́ bọ àpò, ó mú fóònù jáde, ó wò ó, ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ wá níbẹ̀.

Àwọn àlejò lọ. Wọn ò fọwọ́ kan iyán. Nígbà tí ilé dá, Alhaja lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ameenah, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun. Ó ní kì í ṣe pé òun fi pamọ́, ọ̀rọ̀ náà kàn kúrò lọ́kàn òun ni, torí kò sóhun tó rán òun létí.

Ameenah ò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ọmọ olọ́mọ lẹ ń bá béèrè, Màámi. Gbogbo ìlú lẹ ń bá béèrè ọmú tí wọ́n mu."

Ameenah bá na ọwọ́, ó mú fóònù ìyá rẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó gbé e sẹ́nu bó ṣe kọ́ ọ nígbà tó rà á fún un.

"Ọmú ta ni mo mu?"

Fóònù wá a, wá a. Mílíìkì ìkókó ló gbé jáde, alágolo, tòun ti ìràwọ̀ márùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Ameenah gbé e fún ìyá rẹ̀ kó wò ó.